Ìwé Ìtàn Johnson Kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, àti Etí Rẹ̀ Tí Wọ́n Gé Dànù

Inú àjákù ìró kan ni wọ́n dì í sí nígbà tí wọ́n gbé e wá bá mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. Nígbà tí mo tú u, ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni èèpo ẹ̀yìn tuntun aláwọ̀ ewé tó ń dán, tí wọ́n fi lẹ́tà aláwọ̀ wúrà kọ orúkọ ìwé sí. Etí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ̀ mọ́ tónítóní, wọ́n jọ ojú ọṣẹ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀bẹ gé. Ọmọ olóògbé tó gbé e wá dúró tì mí, ó ń retí kí n yin iṣẹ́ náà. N kò lè yìn ín. Mo ti rí ìwé yìí nígbà tí bàbá rẹ̀ wà láyé, mo sì mọ̀ pé etí tí wọ́n gé dànù yẹn ni bàbá náà fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ̀wé sí.

Èmi náà ní ẹ̀bi nínú ọ̀rọ̀ yìí, ó sì yẹ kí n kọ ọ́ ṣáájú ti ẹlòmíràn. Ní nǹkan bí oṣù kan ṣáájú ọjọ́ náà ni ọmọkùnrin yìí pè mí lórí fóònù pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yìn ìwé Bàbá kan ti já, ikán sì ti fẹnu kan páálí rẹ̀. Kí la lè ṣe sí i?” Ọjà Òkè-Ajé ni mo wà, àwọn ọlọ́kadà ń fun fèrè létí mi, mo sì ń ná gààrí lọ́wọ́. Mo ní kó gbé e fún àwọn tó ń di ìwé. N kò béèrè ìwé wo ni nínú àwọn ìwé Bàbá, n kò sì sọ pé kí wọ́n má fi ọ̀bẹ kàn án. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ti ń ra ìwé àtijọ́, tí mò ń tà á, tí mo sì ń tún un ṣe. Gbólóhùn méjì péré ni ì bá gba ìwé náà là, n kò sì sọ ọ́. Ẹyin lọ̀rọ̀, tèmi balẹ̀ lọ́jà, ó sì fọ́.

Ìwé náà ni The History of the Yorubas, tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ parí ní ọdún 1897 nígbà tó ń ṣe iṣẹ́ Ọlọ́run ní Ọ̀yọ́. Àwọn tó fẹ́ràn ìwé mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n mo ní láti tún un sọ fún ẹni tí kò bá gbọ́ rí, nítorí pé òun wà lára ohun tó mú kí ẹ̀dà àkọ́tẹ̀ rẹ̀ wọ́n. Ní 1899 ni wọ́n fi ìwé àfọwọ́kọ náà ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan nílùú Òyìnbó. Nígbà tí Dókítà Obadiah Johnson, àbúrò òǹkọ̀wé, dé ibẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e tó sì béèrè rẹ̀, èsì tí wọ́n fún un ni pé wọ́n ti gbàgbé ibi tí wọ́n gbé e sí, pé wọn kò rí i mọ́, pé wọ́n ṣe tán láti san owó rẹ̀. Ẹ gbọ́, owó! Òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀ wá kó àwọn àkọsílẹ̀ àti àjákù tó kù jọ, ó sì tún ìwé náà kọ. Nígbà tí wọ́n fi èyí náà ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi Appam ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1916, ọkọ̀ ogun Jámánì mú Appam lójú agbami, wọ́n darí rẹ̀ sí Amẹ́ríkà, ìdì ìwé náà sì bá a lọ. Wọ́n padà rí i gbà. Obadiah Johnson kú ní 1920, ìwé sì jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1921 lọ́dọ̀ Routledge. Ẹ̀gbọ́n kò rí i, àbúrò kò rí i.

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ti tún ìwé yìí tẹ̀ láti ìgbà náà, ọdún 1921 a sì máa hàn nínú àwọn àtúntẹ̀ pẹ̀lú, ìdí nìyí tí àwọn èèyàn fi máa ń gbé àtúntẹ̀ wá bá mi tí wọ́n á ní àkọ́tẹ̀ ni. Ẹ̀yìn ewé àkọlé ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń to àwọn ọdún àtúntẹ̀ sí. Ti Tíṣà, bàbá ọmọkùnrin yìí, kò ní irú àtòjọ bẹ́ẹ̀. Ní igun ewé òfìfo tó ṣáájú, ẹnìkan fi pẹ́ńsù kọ 12/6, èyí tí í ṣe ṣílè 12 àti sísì kan, iye tí Tíṣà fi rà á ní àlòkù. Ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1973 ni náírà gba ipò pọ́nùn àti ṣílè, nítorí náà ìwé yìí ti di tirẹ̀ ṣáájú ìgbà náà. Àkọtọ́ rẹ̀ ní etí ìwé bá èyí mu: ó kọ aiye, ó kọ enia, ó kọ nwọn, kò kọ ayé, ènìyàn àti wọ́n bí àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 ṣe ní ká máa kọ wọ́n. Ṣùgbọ́n n kò fi àkọtọ́ nìkan ṣe ẹ̀rí, torí pé mo mọ àwọn tíṣà tí wọ́n kọ aiye títí wọ́n fi kúrò láyé.

Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ipò ọ̀gá ilé-ìwé ló wà nígbà tó fẹ̀yìn tì. Kì í ṣe ẹni tó ń kó ìwé jọ láti fi ṣe ẹ̀ṣọ́. Pákó méjì péré ni ìwé rẹ̀ kún, ó sì kà wọ́n ní àkàtúnkà, pẹ́ńsù lọ́wọ́. Ìwé Johnson ló bá jà jù. Ó ń dá òǹkọ̀wé lóhùn bí ẹni pé àwọn méjèèjì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà, ó ń bi í ní ìbéèrè, ó ń bá a wí, nígbà mìíràn a sì gbà pẹ̀lú rẹ̀, a kọ “O ṣeun” sí ẹ̀gbẹ́ ìlà. Yíǹkì dúdú ló fi kọ ti àkọ́kọ́, búlúù ló tẹ̀ lé e, pẹ́ńsù pupa àwọn tó ń máàkì ìwé ọmọléèwé ló sì fi kọ èyí tó gbẹ̀yìn, nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n.

Ibi tí ìjà náà ti gbóná jù ni orí tó sọ ìpilẹ̀ṣẹ̀ àwọn ẹ̀yà Yorùbá, níbi tó ti kan Ìjẹ̀bú. Johnson kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn kan ní “ìjẹ ibú” ni orúkọ wa ti wá, pé àwọn tí ọba Ìbíní fi rúbọ sí òrìṣà òkun ni ìran wa. Kò tán síbẹ̀. Ó tún kọ ọ́ pé Ọbańta tí a ń fi orúkọ rẹ̀ yangàn jẹ́ ẹni tí Olówu fi rúbọ ní ìkóríta, “ẹbọ ní ìta”, tí ẹni náà kò kú, tó rá wọ inú igbó lóru, tó sì yè. Ọmọ Ìjẹ̀bú wo ló máa ka èyí tí ara rẹ̀ kò ní gbóná? Nínú ìtàn tí wọ́n sọ fún wa nílé, Olú-Ìwà ló ṣáájú dé, Ajẹ̀bú àti Olóde tó bá a rìn ni orúkọ Ìjẹ̀bú-Òde ti wá, Ọbańta sì ni ọba tí àwọn ará ìlú ń kígbe nípa rẹ̀ pé ọba wà ní ìta. Ó sì yẹ ká rántí ìgbà tí Johnson ń kọ̀wé: ọdún 1892 ni ogun Ìmàgbọn, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú nítorí ọ̀rọ̀ ọ̀nà tí Ìjẹ̀bú kò ṣí sílẹ̀ fún wọn, ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn rẹ̀ ni ìwé parí, ọ̀dọ̀ àwọn tí a ti dí ọ̀nà mọ́ ni òǹkọ̀wé sì ń gbé. N kò sọ pé ó purọ́. Ohun tó gbọ́ ló kọ, ẹnu àwọn tó sọ ọ́ fún un ni mo ń wò.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí adìwé náà ṣe. Ìdìpọ̀-ìdìpọ̀ ni wọ́n fi òwú rán irú ìwé bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́: wọ́n á ṣẹ́ bébà ńlá po, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ gba àárín ìṣẹ́po rẹ̀ kọjá, wọ́n á sì so ìdìpọ̀ kan mọ́ èkejì. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá já, òwú ló já, a lè tún un rán, ká sì fi àtè sítáàṣì lẹ aṣọ mọ́ ọn. Sítáàṣì tí a fi ẹ̀gẹ́ ṣe dára fún un, omi lásán ló sì ń tú u bí ẹlòmíràn bá fẹ́ tún un ṣe lọ́jọ́ iwájú. Ṣùgbọ́n ìwé ìpàdé ìjọ àti ìwé àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni iṣẹ́ òòjọ́ àwọn ilé ìtẹ̀wé wa. Wọ́n ti ìwé Tíṣà bọ ẹ̀rọ ìgébébà, wọ́n gé ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò kí àwọn ewé lè ya ara wọn, wọ́n da gọ́ọ̀mù gbígbóná sí i, wọ́n lẹ páálí mọ́ ọn, wọ́n sì tún gé òkè, ìsàlẹ̀ àti etí rẹ̀ kó lè gún. Èyí tí wọ́n gé ní etí kò ju ìdajì ìbú ìka lọ. Ìdajì ìka yẹn ló gba ìparí ìlà gbogbo tí Tíṣà kọ sí ọwọ́ ọ̀tún, àti ìbẹ̀rẹ̀ ìlà gbogbo tó kọ sí ẹ̀yìn ewé kan náà.

Mo ṣí orí náà. Ní ẹ̀gbẹ́ “ìjẹ ibú”, lábẹ́ ìlà méjì tó fi yíǹkì dúdú fà, mo rí èyí:

Kò ri bẹ̃. Ajẹbu li orukọ ọkọnrin ti o

Ó parí síbẹ̀. Mo ṣí ewé náà sí ẹ̀yìn, mo sì rí èyí ní apá òsì:

yọ li o kọ eyi, ki iṣe ọmọ Alárè

Ọmọ Alárè ni oríkì àwa Ìjẹ̀bú. Mo ka méjèèjì sókè fún ọmọkùnrin náà, òun náà sì wá rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó jókòó. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo rò pé ìdọ̀tí ni wọ́n gé kúrò ni.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni àwa méjèèjì lọ bá adìwé náà. N kò ní dárúkọ rẹ̀ níbí, ọmọlúàbí èèyàn ni, iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ ló ṣe, ó sì ṣe é mọ́. Ó ní ìwé tí wọn kò bá gé etí rẹ̀ kò tíì parí lójú oníbàárà, àti pé ìkọkúkọ ló pe àwọn ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí mo béèrè ibi tí àwọn ohun tó gé wà, ó nawọ́ sí àpò ìrẹsì mẹ́ta lábẹ́ tábìlì. Ó ní mẹ́ta mìíràn ti lọ. Olóko adìẹ kan lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Igbó ló máa ń wá kó wọn, ó ń tẹ́ ẹ fún àwọn òròmọdìẹ nítorí pé ìyẹ̀fun pákó ti wọ́n.

Fọ́nrán bébà tó wà nínú àpò ìrẹsì kan pọ̀ ju ohun tí ẹni tí kò tú u rí lè rò lọ. Funfun ló pọ̀ jù níbẹ̀, bébà tuntun ni ìyẹn, a sì tètè ń mọ tiwa yàtọ̀ nítorí pé bébà ọdún 1921 ti pọ́n bí omi tíì, ó sì ń kán tí a bá tẹ̀ ẹ́. Lójú ọ̀sán ni orí bá wa ṣe é. Ọ̀bẹ ẹ̀rọ náà kò mú dáadáa, irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ a sì máa fún etí bébà pọ̀ kí wọ́n lẹ̀ mọ́ra. Bí mo ṣe fa ìdì kan jáde ni mo rí i pé nǹkan bí ogójì fọ́nrán ṣì dúró lé ara wọn bí wọ́n ṣe wà nínú ìwé. Mo fi fọ́tò fóònù yà á kí n tó fọwọ́ kàn án mọ́. A rí ìdì kékeré méjì sí i, àti díẹ̀ tó fọ́n ká. Nígbà tí a dé oko adìẹ, olóko fi sùúrù mú wa wọlé, ṣùgbọ́n ohun tó wà nílẹ̀ níbẹ̀ kò ṣeé kà mọ́. N kò ní ṣàpèjúwe rẹ̀.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé Àǹtí, àkọ́bí Tíṣà, ní Ìmọ̀wò ni a ti to àwọn fọ́nrán náà, a ti fèrèsé kí atẹ́gùn má bàa gbé wọn. Ó gbà wá ní ọjọ́ mẹ́rin. Fọ́nrán kan ń dáhùn fún ojú-ewé méjì: ìparí ìlà wà ní ojú rẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ ìlà wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí náà tí a bá gbé e sí ipò tí kò tọ́, yóò bá iwájú mu díẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò sì tú wa fó. Ìrù lẹ́tà tí ọ̀bẹ là sí méjì ni mo fi ń mú wọn, mo ń wá ìdajì o tí yóò pàdé ìdajì o. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì ni fọ́nrán ewé “ìjẹ ibú” bọ́ sí ipò rẹ̀. Ojú rẹ̀ sọ pé “ba Olu-Iwa wá”, ẹ̀yìn rẹ̀ sọ pé “Ọmọ Ọ”. Ọmọ Ọyọ li o kọ eyi. Àǹtí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní ohùn Bàbá gan-an nìyẹn, pé bó ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́ bá wà níjòókòó.

Lójú ọjà, mo ní láti sọ òótọ́ tí kò dùn. Ọ̀gbẹ́ni kan ní Èkó tí mo máa ń bá dòwò ti ń wá àkọ́tẹ̀ yìí tipẹ́. Mo fi àwòrán ránṣẹ́ sí i kí n lè mọ ohun tí yóò sọ. Ó kọ́kọ́ béèrè bóyá a lè fi rọ́bà pa àwọn ìkọkúkọ náà rẹ́. Nígbà tó sì gbọ́ pé wọ́n ti gé etí rẹ̀, pé èèpo rẹ̀ ti lọ, pé gọ́ọ̀mù ló dì í mú, ó ní kí n tà á fún akẹ́kọ̀ọ́. Kò ṣì sọ ní ti òwò. Ẹni tó ń kó àkọ́tẹ̀ jọ ń wá ìwé bó ṣe jáde lọ́dọ̀ òǹtẹ̀wé, èèpo rẹ̀ lára rẹ̀, etí rẹ̀ pé, ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò sì sí nínú rẹ̀ àfi tẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn. Tíṣà kò lókìkí kọjá Ìjẹ̀bú. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ni ní ìtàn ní Àgọ́-Ìwòyè wo àwòrán kan náà, ó sì béèrè ọjọ́ tí òun lè wá fi ojú ara òun rí i. Ó ní ẹ̀dà ìwé Johnson kò ṣọ̀wọ́n níbi iṣẹ́ òun, ohun tí òun kò tíì rí rí ni ti ẹni tó kà á ní Ìjẹ̀bú nígbà náà tó sì kọ ohun tó rò sílẹ̀ ní ìlà dé ìlà. Tèmi ni pé bó bá jẹ́ èmi ni mo ni ín, n kò ní tà á fún ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì.

Àwọn ọmọ náà kò tà á. Wọ́n ní kí n má tú gọ́ọ̀mù náà, mo sì gbà, nítorí pé títú rẹ̀ lè fa ewé ya níbi tó ti gbẹ. Mo ya fọ́tò ojú-ewé kọ̀ọ̀kan tó ní ọwọ́ Tíṣà, mo to fọ́nrán tó jẹ́ tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú fọ́tò náà, mo sì kó àwọn fọ́nrán sínú àpòòwé kékeré, nọ́ńbà ojú-ewé lórí ìkọ̀ọ̀kan. Kò sí sẹ̀lótéèpù níbẹ̀. Ọmọkùnrin náà ti ra á wá, ó sì dun ọ́n díẹ̀ pé n kò jẹ́ kó lò ó, títí mo fi fi Bíbélì kan hàn án tí ẹnìkan fi téèpù lẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn, tí téèpù ti ṣí kúrò, tí àmì rẹ̀ sì ti di dúdú lórí ọ̀rọ̀.

Ìlà kan ló kù fún wa, òun sì ni ó ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú ilé náà di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ìtàn ẹbọ ní ìta, pẹ́ńsù pupa ló fi kọ ọ́, ìyẹn ni pé ó kọ ọ́ nígbà ogbó:

Baba mi na wi bẹ̃

Fọ́nrán ewé náà kò sí nínú ìdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sì sí nínú àwọn tó fọ́n ká. Ọmọkùnrin náà gbà pé gbólóhùn náà parí síbẹ̀, pé Bàbá gbọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu bàbá tirẹ̀, kò sì lè fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ sẹ́ ẹ. Àǹtí kò fẹ́ gbọ́ ọ. Ó ní Bàbá kò lè kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láéláé, pé ìbéèrè ni, pé ńṣe ló ń bi Johnson bóyá bàbá òun náà sọ bẹ́ẹ̀, kó tó wá sọ fún un ní ìlà tó tẹ̀ lé e pé kò sọ ọ́. Ìlà tó tẹ̀ lé e kò sì sí, àfi bí a bá ka àmì pupa kan tó wà ní etí gan-an, lẹ́yìn bẹ̃, tí kò tó ìdajì orí abẹ́rẹ́. Mo ti fi gíláàsì tí ń mú nǹkan tóbi wò ó lójú oòrùn, mo sì ti wò ó ní alẹ́ lábẹ́ iná. Ó tẹ̀ díẹ̀ sí òkè. Ó lè jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ àmì ìbéèrè, ó sì lè jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ s, bí ẹni tó fẹ́ kọ “ṣugbọn”. Mo kọ méjèèjì sí ara àpòòwé náà, nínú rẹ̀ sì ṣófo.